Kò Sí Okùn Lẹ́sẹ̀ Olórí Àlùfáà

Bí ẹ bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì déédéé, ẹ ti gbọ́ ọ rí: lọ́jọ́ Ètùtù, ọjọ́ kan lọ́dún tí olórí àlùfáà Júù ń ṣètùtù ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á so okùn mọ́ olórí àlùfáà lẹ́sẹ̀ kó tó wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ. Ṣaworo etí aṣọ rẹ̀ á máa dún. Bí ṣaworo bá dákẹ́, a jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ti pa á sínú. Àwọn tó wà níta á fi okùn wọ́ òkú rẹ̀ jáde, torí pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ wọlé. Oníwàásù á sọ ọ́ tán, gbogbo ìjọ á ké "Jésù!"

Ìtàn náà dùn, àmọ́ kò sí nínú Bíbélì. Ẹ ka Lefitiku 16 láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní bá okùn pàdé. Josephus, ọmọ ìdílé àlùfáà tó gbáyé nígbà tí tẹ́ḿpìlì ṣì dúró, ṣàpèjúwe aṣọ olórí àlùfáà fínnífínní, kò sọ̀rọ̀ okùn. Mishnah, àkójọ òfin àwọn rábì tó dé nǹkan bí ọdún 200, ya ìwé kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ náà, Yoma lorúkọ rẹ̀. Ìwé yìí kì í fi nǹkan kékeré sílẹ̀. Ó ní ọjọ́ méje ṣáájú ni wọ́n ti ń mú bàbá náà kúrò nílé, wọ́n á sì ti ní àlùfáà mìíràn nílẹ̀ bí ohun kan bá sọ ọ́ di aláìyẹ. Ó ní kó má gba àdúrà gígùn tó bá jáde sí yàrá ìta, kí àyà àwọn ènìyàn má baà já. Tó bá jáde ní àlàáfíà, ó ń se àsè fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀! Ẹ̀rù ikú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Okùn ni kò sí.

Inú Zohar, ìwé awo àwọn Júù tó jáde ní Sípéènì ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, ni àwọn onímọ̀ tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé. Ọdún 70 sì ni àwọn ará Róòmù ti run tẹ́ḿpìlì. Ó lé ní 1,200 ọdún láàárín.

Ọ̀rọ̀ aṣọ gan-an ló tú àṣírí ìtàn yìí. Ṣaworo wúrà wà ní ìṣẹ́tí ẹ̀wù aláwọ̀ aró inú Eksodu 28. Ṣùgbọ́n Lefitiku 16:4 ní aṣọ mìíràn ni kó fi rọ́pò ìyẹn kó tó wọ inú lọ́hùn-ún: ẹ̀wù ọ̀gbọ̀, ṣòkòtò ọ̀gbọ̀, àmùrè ọ̀gbọ̀, láwàní ọ̀gbọ̀, ó tán. Ṣaworo wo ni wọ́n wá ń tẹ́tí sí níta? Yoma tún ní ẹyin iná wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tùràrí lọ́wọ́ òsì, ó ń gba àárín aṣọ ìkélé méjì tí àlàfo wọn jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kan, ó gba gúúsù wọlé, ó yọ sínú láti àríwá. Ẹ fi okùn sí i lẹ́sẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Ẹni tó bá sì bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbé òkú jáde, ìdáhùn wà ní Lefitiku 10. Nígbà tí iná jó Nadabu àti Abihu, àwọn ọmọ Aaroni olórí àlùfáà, pa níwájú Olúwa, Mósè pe Miṣaeli àti Elsafani, àwọn ọmọ Usieli. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé wọn tẹ̀wùtẹ̀wù jáde kúrò ní ibùdó.

Ohun tó ń dùn mí ni pé okùn yìí ń bo ohun tó yẹ ká máa wàásù lé lórí mọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé Heberu kò nílò rẹ̀. Ohun tó rí ni pé àlùfáà ní láti kọ́kọ́ rúbọ fún ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀, pé ọdọọdún ló ń padà, pé ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń gbé wọlé. Lójú tèmi, aṣọ ọ̀gbọ̀ yẹn gan-an ló sún mọ́ Kristi jù: ẹni tó bọ́ ògo sílẹ̀ kó tó lọ ṣètùtù, bí Fílípì 2 ṣe wí. Nígbà tí iṣẹ́ inú bá sì parí, Lefitiku 16:23-24 ní kó fi aṣọ ọ̀gbọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, kó wẹ̀, kó wọ aṣọ rẹ̀, kó wá jáde. Ẹ gbé Heberu 9:28 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí Kristi ti ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn tó ń retí rẹ̀. Ìwàásù ọjọ́ Àìkú méjì wà nínú ìyẹn nìkan.