Kí Rẹfirí Má Fi Ìdákẹ́ Bo Àṣìṣe Ẹnìkejì Rẹ̀

Bí ọlidé bá ti dé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdíje bọ́ọ̀lù àdúgbò sí àdúgbò náà dé nìyẹn. Òkè-Ẹlẹ́rìn á kó èrò tiwọn wá, Ìjẹ̀rù á kó tiwọn wá, àwọn ọmọ tó ń retí kí ẹnì kan rí wọn mú lọ sí Crown FC tàbí 3SC á sì sáré títí ẹsẹ̀ á fi wú. Àwọn mẹ́ta ló ń darí irú eré bẹ́ẹ̀: rẹfirí kan láàrin pápá, láínsìmàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Kò sí VAR, ẹ̀rọ fídíò tí wọ́n fi ń tún ìdájọ́ yẹ̀ wò, níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n á kì bọ etí láti fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà tó wà kò ju ti fóònù àwọn òǹwòran lọ, rẹfirí kò sì lè fi ìyẹn dájọ́.

Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá wá ṣìṣe, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì rí i kedere, kí ni kó ṣe? Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé kó sọ ọ́. Kó sọ ọ́ kí bọ́ọ̀lù tó padà sínú eré, kó sọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́, kí rẹfirí sì yí ìdájọ́ náà padà lójú gbogbo ènìyàn. Bí àyè yẹn bá ti kọjá, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ru ẹ̀bi náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnìkejì rẹ̀ tọrẹ fún èrò.

Ẹni tó bá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rí mọ ohun tí à ń sọ. Bọ́ọ̀lù yí jáde. Ọmọ tó wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé ló fi etí bàtà kàn án gbẹ̀yìn, fẹ́ẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sí láínsìmàn. Láínsìmàn na àsíá, ó ní aláwọ̀ ewé ló ni tíróò. Rẹfirí ò jìnnà síbẹ̀, ó rí bí bọ́ọ̀lù ṣe yẹ̀ lára bàtà náà. Ó wo àsíá, ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo èrò, ó sì na ọwọ́ síbi tí àsíá nà sí. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bi í lẹ́yìn eré, á ní òun ò fẹ́ dójú ti ọ̀gá náà láàrin èrò. Ká wá ní tíróò yẹn ló di góòlù, ta ni wọ́n dójú tì báyìí? Àwọn ọmọ mọ́kànlá tí wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ fojú kékeré wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje wa, rẹfirí tó wà láàrin lè jẹ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹni tó di àsíá mú jẹ́ ẹni tó ti ń fọn fèrè kí ọ̀dọ́ yẹn tó wọ ilé ìwé girama. Báwo ni ọmọdé ṣe fẹ́ wí fún àgbà lójú agbo pé ohun tó wí kò rí bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé tí a kọ́ wa kò ní kí ọmọdé jókòó kó máa wo àgbà tó ń ṣìnà. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń sọ ọ́ ni. Kí rẹfirí fọn fèrè, kó má tíì jẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù náà, kó rìn lọ bá a, kó kọ ẹ̀yìn sí èrò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó kan ẹsẹ̀ aláwọ̀ ewé kó tó jáde. Mo rí i dájú." Ẹ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn pé, "Ó dáa, ẹ yí i padà." Ọ̀rọ̀ náà ò gba ìṣẹ́jú kan. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀, wọn ò sì fi ìdájọ́ ṣe ẹ̀tàn.

Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin 5 nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù tí IFAB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé, ń gbé jáde fún rẹfirí láṣẹ láti yí ìdájọ́ rẹ̀ padà bí òun fúnra rẹ̀ bá rí i pé òun ṣì í, tàbí bí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ bá pe àkíyèsí rẹ̀ sí i. Ibi tí àṣẹ náà mọ ni ìgbà tí eré bá ti tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tí rẹfirí bá ti fọn fèrè ìparí ìdajì eré tó sì ti kúrò lórí pápá. Òfin 6 ní tirẹ̀ sọ pé olùrànlọ́wọ́ ni láínsìmàn jẹ́, rẹfirí ló ni ìpinnu ìkẹyìn. Ẹni tó bá ń sọ pé "àsíá ti lọ sókè, kò sí ohun tí mo lè ṣe" kò sọ òótọ́ fún wa. Ohun tó lè ṣe wà, àkókò tó fẹ́ ṣe é ni kò gùn.

Ohun tí ìdákẹ́ máa ń dà sílẹ̀ kò fara sin. Ní 22 Oṣù Kẹfà 1986, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní pápá Azteca ní Mẹ́síkò, Maradona fi ọwọ́ ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ali Bin Nasser, ọmọ Tùnísíà, ni rẹfirí. Bogdan Dochev, ọmọ Bùlgáríà, ló di àsíá mú ní ìhà ibẹ̀. Bin Nasser ní Dochev ni òun ń wò kó fún òun ní àmì, pé ibi tó dúró sí dára ju tòun lọ. Dochev ní FIFA kò fàyè gba láínsìmàn nígbà náà láti máa bá rẹfirí jíròrò lórí ìdájọ́. Góòlù dúró, Àjẹntínà gba eré náà 2 sí 1. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ń tọ́ka ìka sí ara wọn nínú ìwé ìròyìn. Ẹ wo bí ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ṣe di àríyànjiyàn gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn méjì tó mọṣẹ́ dé ìpele tó ga jù lágbàáyé.

Ní ọjọ́ kan náà nínú oṣù, 22 Oṣù Kẹfà 2006, ní Stuttgart ní Jámánì, nínú eré Kròéṣíà àti Ọsirélíà, rẹfirí Graham Poll fún Josip Šimunić ti Kròéṣíà ní káàdì yẹ́lò mẹ́ta kó tó lé e jáde. Ó ti kọ káàdì kejì sí nọ́ńbà 3 ti Ọsirélíà, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ nígbà tó yẹ kó ti jáde. Gbogbo ayé ló bú Poll, Poll náà sì gbà pé òun lòun jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n láínsìmàn méjì àti rẹfirí kẹrin wà ní pápá lọ́jọ́ náà, kò sì sí èyí tó rí i nínú wọn débi pé á dá a dúró. Ẹni tó bá ń kọ káàdì sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ń gba ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú ni. A fẹ́ kí àwọn láínsìmàn wa máa kọ ọ́, àní nínú eré àwọn ọmọ iléèwé pàápàá.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ló máa yanjú gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 2023, Luis Díaz gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Liverpool lọ́wọ́ Tottenham, láínsìmàn ní ọ́fúsáìdì ni. Àwọn tó wà nídìí VAR wò ó, wọ́n rí i pé kì í ṣe ọ́fúsáìdì rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà rò pé góòlù ni wọ́n fún wọn lórí pápá, ló bá ní àyẹ̀wò ti parí, ohun gbogbo wà bó ṣe yẹ. Rẹfirí gbọ́ ìyẹn, wọ́n tún bọ́ọ̀lù gbá. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n rí àṣìṣe náà, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n dá eré dúró, ṣùgbọ́n eré ti bẹ̀rẹ̀, òfin sì ti ti ilẹ̀kùn. Tottenham gba eré náà 2 sí 1. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú pé wọn ò dá a dúró. Ní tiwa, a gbà pé ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti yí ló tọ́, bó ti wù kó dunni tó, nítorí bí a bá ń padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀, kò sí eré tó máa parí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àbùkù náà wà níbi pé kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lẹ dá?" Ìbéèrè kékeré yẹn ni kò wáyé.

Àwa ọmọ Nàìjíríà ò sì tíì gbàgbé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti 13 Oṣù Kejì 2000 ní Súrùlérè, tí wọ́n fi pẹnáńtì parí. Pẹnáńtì Victor Ikpeba lu irin òkè ojú ilé, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó jáde. Rẹfirí ní kò wọlé. Kamẹrúùnù gba ife ẹ̀yẹ náà. Níbi pẹnáńtì bẹ́ẹ̀, òfin fi láínsìmàn kan sí etí ìlà ojú ilé nítorí irú bọ́ọ̀lù yẹn gan-an.

Bí a ṣe ń sọ èyí, a ò ní kí rẹfirí máa fagi lé àsíá bó ti wù ú. Àwọn eré yòókù tilẹ̀ yàtọ̀ síra lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú fọ́lìbọ́ọ̀lù, rẹfirí àkọ́kọ́ tó wà lórí àga gíga lè yí ìdájọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ padà. Nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, òfin FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé, kò jẹ́ kí rẹfirí kan fọwọ́ rọ́ ìdájọ́ tí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe níbi tó jẹ́ ti onítọ̀hún sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wà láàrin méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi gba ọgbọ́n.

Ibi tí kálukú dúró sí ló yẹ kó pinnu rẹ̀. Rẹfirí máa ń sáré lẹ́bùú pápá, láti igun dé igun. Láínsìmàn kọ̀ọ̀kan ní ìdajì pápá tirẹ̀, ó sì ń bá ẹni tó ṣìkejì láti ẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣọ́lé rìn. Bó bá di pé ta ló síwájú ta ló kù sẹ́yìn, ojú láínsìmàn ló tọ̀nà. Rẹfirí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń bá a jiyàn ń fi agbára ṣe é ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan wà ní ibi ọ́fúsáìdì lóòótọ́, adènà ló wá mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù padà fún gólì rẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láínsìmàn rí ibi tí ọmọ náà dúró, èrò bo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lójú. Ó gbé àsíá. Rẹfirí tó rí i pé adènà ló gbá a mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ kò lè mọ̀. Ibi tó ti yẹ kó sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé "ó jọ bí ẹni pé" ló wà lọ́kàn rẹ̀, kó jẹ́ kí àsíá dúró.

Rẹfirí tó ń fi ọwọ́ juwọ́ sí àsíá láìwo ojú ẹni tó gbé e ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, láínsìmàn náà á kàn máa gbé àsíá kiri ni títí eré á fi parí. Kò ní gbé e sókè mọ́, àní nígbà tí ẹnì kan bá gbá alátakò rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́yìn rẹfirí. Àwọn òǹwòran náà á sì ti mọ ẹni tí wọ́n á máa bú.

Ó ku ẹ̀yin òǹwòran àti ẹ̀yin kóòṣì. Bí rẹfirí bá ti yí ìdájọ́ padà báyìí, ariwo tó máa ń tẹ̀lé e ni pé wọ́n ti fún un ní nǹkan. A ò ní sọ pé rìbá kò sí nínú bọ́ọ̀lù wa. Ó wà, ó sì ń bà wá nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba rìbá kì í fẹ́ pe ẹnìkejì rẹ̀ wá sí àárín pápá láti jíròrò. Ẹni tó dúró lójú èrò tó ń hó lé e lórí, tó ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà nítorí àwọn ti ṣì í, ìgboyà rẹ̀ ju ti ẹni tó dákẹ́ lọ. Kí rẹfirí náà ran ara rẹ̀ lọ́wọ́: kó pe balógun ẹgbẹ́ méjèèjì, kó sọ ohun tí wọ́n rí fún wọn ní gbólóhùn kan, kó tó jẹ́ kí eré lọ.

Lẹ́yìn eré, a ò fẹ́ gbọ́ rẹfirí lórí rédíò tó ń sọ pé láínsìmàn ló kó bá òun. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó rí i tó dákẹ́ lórí pápá kò lẹ́nu láti sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Ìwé tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó yàn wọ́n ni kó kọ ọ́ sí, kí ó sì kọ ìpín tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọwọ́ àwọn tó ń ṣètò ìdíje ni èyí tó pọ̀ jù wà. Wọ́n máa ń wá rẹfirí kan, wọ́n á wá fa àsíá lé ẹni tó bá wà nítòsí lọ́wọ́ nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀kan lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì mọ àmì tí rẹfirí ń retí. À ń bẹ ẹgbẹ́ àwọn rẹfirí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ sí ìdíje tí kò bá san owó ẹni mẹ́ta tó mọṣẹ́. Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ní wákàtí kan ṣáájú eré, kí wọ́n rí yàrá kan jókòó sí, kí wọ́n fẹnu kò lórí àmì tí wọ́n á máa fún ara wọn: ti "mo rí i dájú", ti "wá bá mi", ti "má jẹ́ kí wọ́n gbá a". Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà ìdíje pé rẹfirí lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìdájọ́ padà kí eré tó tún bẹ̀rẹ̀, kí balógun ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì bu ọwọ́ lù ú kí wọ́n tó fún wọn ní àyè láti gbá bọ́ọ̀lù.