Kúlà olómi kì í ṣe fíríìjì o

Fọ́ìsì nóòtù kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàárín àwa oníkọ̀ǹpútà Ìjẹ̀bú-Òde, pé kúlà olómi, èyí tó ń fi omi gbé ooru kúrò, máa ń mú kí pùrósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tutù ju yàrá lọ. Irọ́ funfun báláú! Afẹ́fẹ́ yàrá náà ni fáànù ń fẹ́ sára rédíétọ̀ rẹ̀, níbi tí omi ti ń tú ooru dànù. Bí ṣọ́ọ̀bù bá gbóná tó 33°C, omi yẹn ò lè tutù ju 33 lọ. Kò ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bíi ti fíríìjì.

Kúlà onífáànù tí kò lómi, tó bá dára, tó fún ọ̀pọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọn inú àpótí kọ̀ǹpútà. Èmi ra èyí tó ga ní mílímítà 158 fún àpótí tó gba 150. Ìdérí ò padé mọ́. Eruku ọyẹ́ sì bò ó bíi gàrí. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ibi tí pùrósẹ́sọ̀ ń jókòó sí: ní ti AMD, ọ̀pọ̀ kúlà AM4 ló ń wọ AM5, àmọ́ ní ti Intel, ìdè kúlà LGA1200 ò wọ LGA1700.