Fóòmù nìkan kọ́ ló ń pa ariwo kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣeun tí ẹ pín ìmọ̀ràn yẹn lórí ariwo kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé kí èèyàn ṣáà ti ra kéèsì (àpótí tí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀) tí wọ́n tẹ́ fóòmù sí nínú, ariwo ti tán, kò rí bẹ́ẹ̀.

Fóòmù tín-ín-rín máa ń gba díẹ̀ lára ìró tó ń han gooro. Èyí tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ ń gbà á kọjá.

Ọ̀tọ̀ ni ká bo ariwo mọ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó má wáyé rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Tí iwájú kéèsì bá dí pa, atẹ́gùn ò ní wọlé dáadáa. Ooru á mú, fáànù á sáré sí i, ariwo á pọ̀ sí i. Bí eré fáànù bá sì dín sí ìdajì, ariwo rẹ̀ lè fi nǹkan bíi 15 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ohun tí a fi ń wọn ariwo) wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fáànù tó fẹ̀ tó 140 mm tó ń rọra yí fi sàn ju 120 mm tó ń sáré lọ.

Ẹ dán an wò: nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ẹ yọ ìdérí iwájú. Bí RPM fáànù (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) bá lọ sílẹ̀, atẹ́gùn ni kò tó.

Háàdì dísìkì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí) tó ń gbọ̀n, rọ́bà abẹ́ síkúrù ni oògùn tirẹ̀. Kéèsì oní-fóòmù wọ̀nyí wọ́n. Ó ń dùn mí tí èèyàn bá náwó tán tí ariwo ò lọ.