Kábà àti Ìsánlú ni ìjà ipò Àbújá ti ń bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2011, Mulikat Akande-Adeola tó ṣojú Ògbómọ̀ṣọ́ dìde láti dupò abẹnugan ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Ẹgbẹ́ PDP ló pọ̀ jù nílé nígbà náà. Wọ́n ti pín ipò náà fún ilẹ̀ Yorùbá, òun ni wọ́n sì fà kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, 90 ni tirẹ̀, 252 ni ti Aminu Tambuwal. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an wà lára àwọn tó kẹ́yìn sí i, àwọn ọmọ Yorùbá inú ẹgbẹ́ ACN náà sì wà níbẹ̀. Ipò olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ni wọ́n padà fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ni Patricia Etteh láti Ọ̀ṣun jẹ abẹnugan, obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó lórí àga yẹn. Oṣù Kẹfà 2007 ni ó débẹ̀, oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ó kọ̀wé fi í sílẹ̀ nítorí ariwo tó bẹ́ lórí owó àtúnṣe ilé. Títí di òní, bí a bá dárúkọ obìnrin fún ipò ńlá, àwọn kan á ní, “Ẹ ò rántí ti Etteh?” A rántí. A sì rántí pé Salisu Buhari fi ipò abẹnugan sílẹ̀ ní 1999 nítorí ìwé ẹ̀rí èké, pé wọ́n yọ Chuba Okadigbo nípò ààrẹ Sẹ́nẹ́tì ní 2000, pé Adolphus Wabara náà kúrò níbẹ̀ ní 2005. Kò sẹ́ni tó tìtorí wọn sọ pé kí ọkùnrin má dupò mọ́.

Kí ló wá kan àwa ará Òkun, Yorùbá Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, nínú èyí? Ó kàn wá gidigidi, nítorí ibi tí wọ́n ti ń já obìnrin sílẹ̀ kì í ṣe Àbújá.

Sẹ́nẹ́tì ní òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé bí wọ́n bá fẹ́ pín ipò. Ẹni tó ti ṣe sẹ́nẹ́tọ̀ rí tó tún padà wá ló ń ṣáájú. Ẹni tó ti wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin rí ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló gbẹ̀yìn. Nínú 109 sẹ́nẹ́tọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ní 2023, obìnrin mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Ireti Kingibe, Idiat Adebule àti Ipalibo Banigo. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló fi Natasha Akpoti-Uduaghan ti Àárín Gbùngbùn Kogí ṣe ìkẹrin. Adebule ti ṣe igbákejì gómìnà l'Ékòó, Banigo ti ṣe é ní Rivers fún ọdún mẹ́jọ. Síbẹ̀, ẹni tuntun ni gbogbo wọn lójú òfin yẹn. Ó wà lára ìdí tí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ń darí Sẹ́nẹ́tì, ti ẹgbẹ́ ìjọba àti ti alátakò, fi jẹ́ ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n sì ní kí Natasha lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà ní oṣù Kẹta 2025, kò sí obìnrin kankan láàárín àwọn olórí tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn.

Òfin yẹn nìkan kọ́ ni ìṣòro o. Olúrẹ̀mí Tinúbú ti lo ọdún mẹ́jọ ní Sẹ́nẹ́tì kí 2019 tó dé, ipò tó sì kan ilẹ̀ Yorùbá nínú APC bọ́ sọ́wọ́ Ajayi Boroffice. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ àti àwọn alágbára ẹgbẹ́ ló ń jókòó pinnu irú èyí, nínú yàrá tí obìnrin kò ti tó nǹkan. Ibi tí obìnrin bá ti pọ̀ díẹ̀ tó sì pẹ́ díẹ̀ ni nǹkan ti ń yí. Kò jìnnà sí wa: Bíọ́dún Olújìmí láti Ẹkùn Gúúsù Èkìtì, tó bá Yàgbà pààlà, di olórí àwọn alátakò ní Sẹ́nẹ́tì ní 2018.

Àwa ńkọ́? Láti 1999, ẹni mẹ́rin ló ti ṣe sẹ́nẹ́tọ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Kogí: Tunde Ogbeha, Smart Adeyemi, Dino Melaye àti Sunday Karimi. Adeyemi ṣe é, ó lọ, a tún dá a padà. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Àǹfààní kí a dáni padà, tó ń sọni di àgbà nílé aṣòfin, a kò tíì fún obìnrin kan rí. Bẹ́ẹ̀ Ìjùmú yan Ọmọ́táyọ̀ Adélẹ́yẹ-Ishaya sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ní 2023, ojú ọ̀run kò sì já.

Àwọn ẹgbẹ́ máa ń sọ pé àwọn ti ṣe tiwọn, pé obìnrin kì í san owó fọ́ọ̀mù tán. Ní 2022, APC gba owó ìfẹ́hàn, ìyẹn owó tí èèyàn fi ń sọ pé òun fẹ́ dupò, nìkan lọ́wọ́ obìnrin, wọ́n fi ìyókù jì í. Fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ kì í dìbò. Àwọn aṣojú tí ẹgbẹ́ yàn láti dìbò abẹ́lé ló dìbò nígbà náà, àwọn ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù ló sì yan àwọn yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà ní ìpàdé alẹ́ tí ìyá ọlọ́mọ kò lè jókòó dé ìparí.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè kò ṣòro. Kí àwọn ẹgbẹ́ ní Kábà, Ìyàrà, Mọ́pà, Ìsánlú àti Odò-Ẹrẹ̀ fi obìnrin kún àwọn tí yóò dìbò abẹ́lé fún 2027, kí wọ́n sì gbé orúkọ wọn jáde kí gbogbo ayé rí i. Kí wọ́n ṣe ìpàdé ní ọ̀sán. Bí obìnrin bá wọlé tó sì ṣe dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́rin pé ó ti kan ìlú mìíràn.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2022, ilé aṣòfin méjèèjì kọ àbá tí ìbá fi àga 37 kún Sẹ́nẹ́tì àti 74 kún Ilé Aṣojú-ṣòfin fún àwọn obìnrin. Àwọn ìyá àti ọmọge tò sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin láti fẹ̀hónú hàn. Bí irú àbá bẹ́ẹ̀ bá tún dé iwájú wọn, kí Sẹ́nẹ́tọ̀ Karimi, aṣojú Yàgbà àti aṣojú Kábà-Bùnú àti Ìjùmú jáde sọ fún wa, ní orúkọ ara wọn, bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n dì. A ó tẹ ìdáhùn wọn jáde sí ojú ìwé yìí kí ìdìbò abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀.