Ṣé bọ́ǹbù Truman ló lé Stalin kúrò ní Ìráàn?

Ìtàn yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ogun: pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Stalin, olórí ilẹ̀ Soviet, kọ̀ láti kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Ìráàn, ni Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà, bá fún un ní gbèdéke, ó ní bọ́ǹbù átọ́míìkì ń bọ̀. Bí Stalin ṣe sá nìyẹn. Ìtàn náà dùn, àmọ́ a ò rí ìwé tó tì í lẹ́yìn.

Truman fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di ńlá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1952, ó sọ fáwọn oníròyìn pé òun fi gbèdéke ránṣẹ́ sí Stalin. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí agbẹnusọ rẹ̀ ti ń ṣàlàyé pé ààrẹ kàn lo ọ̀rọ̀ náà bí èèyàn lásán ṣe ń lò ó ni. Àwọn tó ń kó ìwé ìjọba Amẹ́ríkà jọ tú fáìlì títí, wọn ò rí gbèdéke kankan. Létà tí Amẹ́ríkà kọ sí Soviet tó wà, ti ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1946, ẹ̀hónú ló wà nínú rẹ̀, kò sí ìhàlẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì àti Soviet ló jọ wọ Ìráàn lọ́dún 1941. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ó jáde láàárín oṣù mẹ́fà tí ogun bá parí. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1946 ló pé. Gẹ̀ẹ́sì lọ, Soviet jókòó sí àríwá.

Olóòtú ìjọba Ìráàn, Ahmad Qavam, ni kí ẹ wò dáadáa. Àgbà òṣèlú ni. Ìjọba rẹ̀ fẹjọ́ Soviet sun Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé, Amẹ́ríkà sì gbè é lẹ́yìn gbágbáágbá níbẹ̀ (ìyẹn ò ṣeé fojú kéré), débi tí Gromyko, aṣojú Soviet, fi bínú jáde nínú ìpàdé. Àmọ́ bí Qavam ṣe ń pẹjọ́ lọ́hùn-ún ló ń bá Soviet dúnàádúrà níhìn-ín. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ó gbà pé kí wọ́n jọ dá iléeṣẹ́ epo rọ̀bì sílẹ̀ ní àríwá, kí Soviet ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kàn ku ohun kan: ilé aṣòfin tuntun, tí wọn ò tíì dìbò yàn, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin Ìráàn sì ni pé kò sí ìbò aṣòfin nígbà tí sọ́jà àjèjì bá ṣì wà nílẹ̀ náà.

Bí Stalin bá fẹ́ epo, àfi kó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó fi di oṣù Karùn-ún, wọ́n ti lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1947, àwọn aṣòfin dìbò lórí àdéhùn epo náà: 102 kọ̀ ọ́, ẹni méjì péré ló gbà á.