Ta Ló Tún Ṣí Fáàfù Yẹn Sílẹ̀?

Ẹ gbà mí o! Ọkọ̀ tí à ń sùn nínú rẹ̀ tún ti ń rùn bí ṣáláńgá. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́ bó: ẹ má ṣí fáàfù táǹkì tó ń gba ìgbẹ́ ilé ìyàgbẹ́ ọkọ̀ yìí sílẹ̀! Omi nìkan ló máa ṣàn lọ. Ìgbẹ́ á jókòó sísàlẹ̀, á gbẹ, á le bí òkúta. Ẹ jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ná kí ẹ tó tú u.

Ẹ̀yin tí ẹ tún ń ṣọ́ omi lò tí ẹ bá yàgbẹ́ tán, tí ẹ kàn ń wọ́n ọn bí ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ, ṣé èmi ni n ó máa ha ìgbẹ́ tó gbẹ mọ́ ìdí táǹkì?

Lánàá, iná tó ń fi bí táǹkì ṣe kún tó hàn ní ó ti kún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni! Bébà ìnùdí ló lẹ̀ mọ́ ohun tó ń tan iná yẹn nínú táǹkì. Ẹ wá ń fín lọ́fínńdà. Lọ́fínńdà lórí ìgbẹ́!