Ewé lágbára, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ṣọ́ra

Àwọn kan máa ń sọ pé egbòogi kò lè pa èèyàn lára, àti pé oògùn tí wọ́n ń tà láìbéèrè ìwé dókítà kò léwu, bó ti wù kéèyàn lò ó tó. Ẹ jọ̀wọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ewé tó lè wo àrùn, agbára ló fi ń wò ó. Ara ewé foxglove ni wọ́n ti rí digoxin, oògùn ọkàn. Ewé yìí kan náà lè dá ọkàn dúró. St John's wort, egbòogi kan tí àwọn kan ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì, máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè palẹ̀ oògùn mìíràn mọ́ kúrò lára, débi pé oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Paracetamol ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lò ju 4,000 mìlígíráàmù lọ ní wákàtí 24, ìyẹn hóró 8 oní-500. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn náà, ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ lè kọjá ààlà láìmọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà rẹ̀, àmì sì lè má tètè hàn. Ẹni tó bá ti ṣì í lò, kó lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ara rẹ̀ ṣì le: acetylcysteine tó jẹ́ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá tètè fún un.

Bí àwa nọ́ọ̀sì bá sì béèrè oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá bí iṣẹ́ abẹ bá ń bọ̀, ẹ dárúkọ egbòogi mọ́ ọn. A ò béèrè láti bá yín wí.